Àpò Ẹ̀wà Tó Ń Lọ sí Orí Òkè

Kálígárì, Kánádà
8 Oṣù Kẹfà, 2025

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ẹ kú àbójútó ilé. Mo mọ̀ pé bí Rodiyat bá ti tẹ ìwé yìí jáde ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó sì gbé e wá fún yín, ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò bóyá mo fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀. N kò kọ nǹkan kan sẹ́yìn. Gbogbo ọ̀rọ̀ mi, iwájú ló wà. Ara mi le. Òtútù ti ká aṣọ rẹ̀ lọ, oòrùn kì í sì í tètè wọ̀ níbí mọ́, débi pé ènìyàn á jẹun alẹ́ tán, ìta á ṣì mọ́ kedere.

Inú mi ń dùn, ohun tó mú mi kọ̀wé nìyẹn. Ẹ rántí pé mo sọ fún yín pé mo ti ń fi kámẹ́rà ya òkè àti ẹranko. Àwa mélòó kan tí a jọ ń yàwòrán fẹ́ lọ sí àwọn òkè ńláńlá tó wà níwọ̀-oòrùn ìlú yìí ní ìparí oṣù Kẹsàn-án. Ọgbà ìjọba ni wọ́n. Ilẹ̀ ibẹ̀ fẹ̀ ju gbogbo Odigbo lọ fíìfíì. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yìnbọn níbẹ̀, kódà ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ já òdòdó. Kí a wò, kí a ya àwòrán, kí a máa bọ̀ nílé ni. Lásìkò yẹn, igi kan wà lórí òkè tí gbogbo ewé rẹ̀ máa ń pọ́n bíi ìyeyè, àsìkò yẹn náà ni àwọn akọ àgbọ̀nrín ńlá máa ń ké tí wọ́n ń bá ara wọn jà. Waheed, ọmọ Ìwó tí a jọ ń gbélé, ló máa wa ọkọ̀.

A ti ń múra. A ti gba ibi tí a ó pa àgọ́ sí. A ó máa jí ní ìdájí, torí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ kùtù ló máa ń jẹ́ kí òkè dára nínú àwòrán. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní fi lọ́fínńdà para, nítorí imú ẹranko. A ó so agogo kékeré mọ́ báàgì wa kí béárì lè máa gbọ́ wa bọ̀. Béárì ni ẹranko onírun kan tó lè tóbi tó màlúù, bó bá wù ú, á dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjì bí ènìyàn. Nítorí tirẹ̀, a ó mú ata dání nínú agolo, tí a ó fọ́n sí i lójú bó bá sún mọ́ wa jù.

Mo fẹ́ bẹ̀ yín ní nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, ẹ bá mi rán àpò kan, kó gùn tó láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, kó ní ẹnu tí mo lè dì. Ẹ̀wà ni mo fẹ́ rọ sínú rẹ̀. Ẹ lo aṣọ funfun tó nípọn, irú èyí tí ẹ fi ń rán sùtánà fún àwọn ará ìjọ. Àbúrò Waheed ń bọ̀ wá síbí níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ó lè bá mi gbé e. Èkejì, ẹ bá mi bi Àmúsà tó ń ṣàgbàro kòkó wa ní Omifunfun, bí ó ṣe máa ń jókòó de ẹranko tí wọn kì í fi í gbóòórùn rẹ̀.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àdúrà.

Èmi ọmọ yín,
Olúrótìmí


Ore
15 Oṣù Kẹfà, 2025

Olúrótìmí,

Mo kí ọ. Ara mi le, maṣíìnì mi náà le. Òjò ń ba kòkó jẹ́ ní Omifunfun, Àmúsà sì ń fún un ní oògùn. Ìyẹn ni ìròyìn ilé. Ó ku ọ̀rọ̀ tìrẹ.

Mo ka ìwé rẹ. Mo bọ́ gíláàsì ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Ta ló ní kí o ní kí ìyá rẹ rán àpò funfun? Ta ló ní kí o rọ ẹ̀wà sí i? Inú ilé àdúrà ni wọ́n bí mi sí, Rótìmí. Mo mọ ohun tí à ń fi agogo ṣe, mo sì mọ ohun tí à ń fi ẹ̀wà ṣe. Bí Wòlíì bá ní kí ènìyàn mú ẹ̀wà wá, a máa ń sè é ni, a ó pín in fún àwọn ọmọdé, wọ́n á jẹ ẹ́ tán lójú gbogbo ayé. N kò tíì gbọ́ ọ rí láti ìgbà tí mo ti dáyé pé wọ́n ń rọ ẹ̀wà tútù sínú àpò funfun, kí wọ́n sì gbé e gun òkè ní ìdájí pẹ̀lú agogo, láìfi lọ́fínńdà para.

Irú ìjọ wo nìyẹn? Kí lorúkọ wòlíì yín? Ṣé Waheed ni? Àbí Mùsùlùmí kọ́ ni Waheed ni, kí ló ń wá ní orí òkè tó fi jẹ́ pé òun ló máa wa ọkọ̀ lọ?

Mo gbé ìwé náà lọ fún Wòlíì Ọlọ́runnísọ̀lá. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní Ẹ̀mí ò sọ nǹkan kan. Mo ní kó tún gbàdúrà sí i. Ó ní òun ti gbà á. Ọkùnrin yẹn ti ń jẹun jù láti ìgbà tó ti gbé ìyàwó tuntun, ojú rẹ̀ ò ríran bíi ti àtijọ́ mọ́. Èmi ríran tèmi.

Ti Àmúsà tí o ní kí n bi, n kò tíì bi í. O ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yìnbọn níbẹ̀, o wá fẹ́ mọ bí ọdẹ ṣe ń ba de ẹran. Ṣé kì í ṣe ìbọn ni ẹ̀yin ń pè ní kámẹ́rà lọ́hùn-ún? Ọmọ mi, mi ò rán ọ lọ sí Kánádà láti lọ fi ẹran ìjọba sebẹ̀. Bí wọ́n bá mú ọ, ta ni n ó bẹ̀?

Má fi ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ dá mi lóhùn.

Ìyá rẹ,
Olúbísí


Kálígárì
29 Oṣù Kẹfà, 2025

Màámi,

Ẹ dákun, ẹ má bínú. Mo ka ìwé yín sókè fún Waheed, ó sì ṣubú lulẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Ó ní kí n kí yín, ó ní ẹ bá òun sọ fún Wòlíì pé òun ò tíì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀bi mi ni, n kò là á yé yín. Kámẹ́rà tí a fi ń ya ẹranko láti òkèèrè máa ń wúwo, ojú rẹ̀ gùn bí ọmọ odó. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n díẹ̀ báyìí, àwòrán á dàrú. Nítorí náà, a máa ń tẹ́ àpò ẹ̀wà sórí òkúta tàbí sójú fèrèsé ọkọ̀, a ó wá gbé kámẹ́rà lé e. Ẹ̀wà náà á gba kámẹ́rà mọ́ra, kò ní yí. Iṣẹ́ tí ẹ̀wà ń ṣe kò ju ìyẹn lọ. Wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù níbí, ṣùgbọ́n wọ́n kéré, ọwọ́ mi sì máa ń tètè rẹ̀ mí, mo fẹ́ èyí tó gbòòrò. Mo tún fẹ́ kó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ rán an. Ti agogo, kí béárì má bàa fò sókè lójijì ni. Ó máa ń kọlu ènìyàn tí ó bá dédé bá a láìròtẹ́lẹ̀. Ìbọn kankan kò sí lọ́wọ́ wa.

Mo fi àwòrán kan sí i. Àwọn ewúrẹ́ orí òkè nìyẹn. Òkè ni wọ́n ń gbé láti ìgbà ìbí wọn, wọ́n ń rìn lójú òkúta tí ẹ̀yin àti èmi ò lè dúró lé. Ẹ wo ti iwájú náà, ẹ wo bó ṣe ń wò mí bí ìgbà tí mo jẹ iṣu rẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó yíjú sí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi lórí àpò yẹn, kí ẹ sì bá mi bi Àmúsà.

Èmi ọmọ yín,
Olúrótìmí


Ore
7 Oṣù Keje, 2025

Olúrótìmí,

Mo ti rí ewúrẹ́. Ewúrẹ́ dára. Mo ti gbọ́ ti ẹ̀wà náà, mo sì gbà pé kò sí wòlíì níbẹ̀. Èyí tí o kọ láàárín rẹ̀ láìfura ni kò jẹ́ kí n sùn. O ní ọwọ́ rẹ máa ń tètè rẹ̀ ọ́. Ọwọ́ wo? Ṣé ọwọ́ tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi lápá ọ̀tún lápá òsì láti odò wálé tí kò sinmi lọ́nà? Ọwọ́ tí ó ń kó kòkó Omifunfun sórí ọ̀kadà?

Mo jókòó, mo kó gbogbo àwòrán tí o ti rán láti ọdún tó kọjá jọ sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Òkè. Omi. Ẹyẹ. Ẹranko oníwo. Òkè míì. Kò sí ìwọ níbẹ̀, Rótìmí. Kò sí àwòrán kan tí mo ti lè rí etí rẹ, kí á má tíì sọ ojú rẹ. Kí ọdún tó kọjá tó bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ lo fi ń kọ̀wé, o máa ń ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́, Rodiyat á tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi, mo sì mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ bí mo ṣe mọ ohùn rẹ. Láti ìgbà náà, títẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́. Ìwé títẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́. O sì mọ̀ pé n kì í gbé ìpè òkè òkun mọ́, láti ìgbà tí gbájúẹ̀ fi ohùn ọmọ Ìyá Hàlímọ̀ bá Ìyá Hàlímọ̀ sọ̀rọ̀ títí ó fi kó ọjà rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo sọ fún ọ pé n kò gbé ìpè mọ́, mo rò pé o máa bá mi jà. O kò bá mi jà. O ní kò burú. Ó dà bíi pé ara tù ọ́.

Nínú ìjọ wa, ẹni tó bá gun òkè, ọ̀rọ̀ kan ló gbé e gùn ún. Ẹni tí ń wá ọmọ, ẹni tí àìsàn dá dúró, ẹni tí ìlú ń lé. N kò rí i rí kí ẹnì kan dédé gun òkè. Nítorí náà n kò bi ọ́ bóyá ọ̀rọ̀ wà. Mo ń bi ọ́ pé, èwo ni ọ̀rọ̀ náà?

Mo ti lọ sórí òkè ìjọ wa, lọ́nà Araromi-Obu. Mo bọ́ bàtà nísàlẹ̀ bí gbogbo wa ṣe ń bọ́ ọ. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, n kò wọ̀ ọ́ padà. Mo ti sọ fún Olúwa pé ẹsẹ̀ mi ò ní wọ bàtà mọ́, ì báà jẹ́ ní ilé, ì báà jẹ́ ní oko, títí n ó fi rí ojú ọmọ mi tí ọkàn mi á sì gbà pé òun ni.

Olúbísí, ìyá rẹ


Ore
3 Oṣù Kẹjọ, 2025

Olúrótìmí,

Rodiyat ní ìwé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ, ó ní ẹ̀rọ fi hàn òun pé o ti ṣí i. O kà á, o sì dákẹ́. Mo ń jẹun, n kò mọ adùn rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, àyà mi á já.

Mo lọ sí Omifunfun lọ wo kòkó, mo sì tẹ ẹ̀gún ọ̀pẹ mọ́lẹ̀. Ó wọlé ṣinṣin. Àmúsà ló yọ ọ́, ó fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, ó di í fún mi. Ó ní, “Ìyá Rótìmí, bàtà rọ́bà wà nínú ahéré mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wọ̀ ọ́ délé.” Mo ní n kò wọ̀. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú, ó sì gbé mi délé lórí ọ̀kadà rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ti wú. Wòlíì Ọlọ́runnísọ̀lá wá, ó ní Ọlọ́run kò bèèrè ẹ̀jẹ́ yẹn lọ́wọ́ mi. Mo ní Wòlíì kọ́ ni mo jẹ́ ẹ fún.

Mo bi Àmúsà ohun tí o ní kí n bi í. Ó ní kí o kọ́kọ́ mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ, kí o jókòó síbi tí atẹ́gùn á ti gba ọ̀dọ̀ ẹran kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ó ní kí o má fi ọṣẹ olóòórùn wẹ̀. Ó ní kí o fara ti igi, kí o má dúró ní gbangba. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé o bèèrè. Bí ẹni tó bèèrè bá ṣì jẹ́ ọmọ mi.

Ìyá rẹ


Kálígárì
10 Oṣù Kẹjọ, 2025

Màámi,

Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ wọ bàtà. Nígbà tí mo ka ti ẹ̀gún yẹn, mo dìde kúrò níbi tí mo jókòó sí, n kò sì mọ ibi tí mo ń lọ. Ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà díẹ̀ lára, ẹ kò gbọdọ̀ fi egbò ẹsẹ̀ ṣeré. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Mo ti bẹ Rodiyat pé kó mú yín lọ.

Ìdí tí n kò fi tètè fèsì ni pé iṣẹ́ pọ̀, a sì ń ṣètò ìrìn àjò náà. A ti ra èyí tó kù nínú ohun èlò, a ti pinnu adágún omi tí a ó ti dúró de oòrùn. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Àmúsà gidi gan-an.

Ojú mi lẹ fẹ́ rí. Ó wà nínú àwòrán tí mo fi sí i yìí. Waheed ló yà á, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò kan tí a lọ wò láìpẹ́ yìí. Mo ń juwọ́ sí yín. Mo sanra díẹ̀, ẹ ò rí i? Ojú náà ló dé yìí, ẹ wá wọ bàtà yín, ẹ̀jẹ́ ti parí.

Èmi náà ní ìbéèrè, Màámi. Ta ló ń bá yín sọ nǹkan nípa mi? Ṣé Waheed pe Rodiyat ni? Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọ̀rọ̀ kankan wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀.

Olúrótìmí


Ore
13 Oṣù Kẹjọ, 2025

Ìwọ tí o ń kọ̀wé sí mi,

Mo ti rí àwòrán. Ojú náà jọ ojú ọmọ mi, imú náà jọ imú bàbá rẹ̀. Mo fẹ́ kígbe ayọ̀, mo ti na ọwọ́ sí bàtà tí ó wà lábẹ́ ibùsùn. Ìgbà náà ni mo rí ọwọ́.

Òsì ni.

Ọwọ́ òsì lo gbé sókè tí o fi ń kí mi, ọ̀tún wà nínú àpò aṣọ. Nígbà tí Rótìmí ṣì kéré, ọwọ́ òsì ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ máa mú nǹkan, èmi ni mo so aṣọ mọ́ ọn títí ọ̀tún fi gbà á. Títí tó fi kúrò nílé yìí, bí ẹrù bá wà ní ọ̀tún tó sì di dandan kó fi òsì na nǹkan sí àgbà, á kọ́kọ́ ní, “Ẹ má bínú, òsì ni o.” Ọmọ tí mo tọ́ yẹn kò lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, kó fi òsì juwọ́ sí ìyá rẹ̀ tí kò tíì rí i fún ọdún gbọọrọ, kí ó sì ti ọ̀tún bọ àpò.

Rodiyat ní ẹ̀rọ wà báyìí tó lè gbé ojú ẹnìkan lé ara ẹlòmíì. O tún ń bi mí ta ló ń sọ nǹkan fún mi. Ẹni tí kò ní nǹkan tó ń bò kì í bèèrè irú ìyẹn. Ta ni ọ́? Níbo lo gbé ọmọ mi sí? Bó bá ti kú, sọ fún mi kí n sunkún rẹ̀. Bó bá wà lẹ́wọ̀n, sọ ìlú náà. Mo lè fara da èyíkéyìí, àìmọ̀ yìí ni n kò lè fara dà mọ́.

N kò rán àpò kankan sí ẹni tí n kò mọ̀. Bí o bá jẹ́ Rótìmí, sọ ohun tí mo ṣe fún ọ nínú iyàrá mi ní àárọ̀ ọjọ́ tí o fẹ́ lọ, kí ọkọ̀ tó gbé ọ ní Ore. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Olúbísí


Kálígárì
24 Oṣù Kẹjọ, 2025

Màámi,

Ẹ má bínú, òsì ni o.

Òsì ni mo fi ń kọ ìwé yìí, ìdí nìyẹn tó fi rí wọ́gọwọ̀gọ bẹ́ẹ̀. Ó ti gbà mí ní bébà púpọ̀. Mo ní kí Rodiyat má tún un tẹ̀, kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín bó ṣe rí gan-an.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ ní kí n kúnlẹ̀, kí n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Ẹ da òróró àdúrà sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ẹ sì ń fi pa ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí àtàǹpàkò dé ọmọdínrín. Ẹ ní ibi tí ọwọ́ yìí ń lọ, kó bọ̀ láìní àbùkù. Mo ṣe àmín. Ẹ sì fi aṣọ orí yín nu èyí tó ṣẹ́ kù.

Màámi, ọmọ yín ni mí. N kò kú, n kò sí lẹ́wọ̀n. Ní oṣù Kejì ọdún tó kọjá, ẹ̀rọ tí a fi ń gé ẹran níbi iṣẹ́ wa mú ọwọ́ ọ̀tún mi. Àtàǹpàkò ló kù, àti ìka tó tẹ̀ lé e. Mẹ́ta yòókù ti lọ. Wọ́n tọ́jú mi, egbò náà ti jinná, mo sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọjà. Waheed ló ń wẹ̀ fún mi nígbà tó ṣì ń dùn mí. Ó ti ń sọ fún mi láti ìgbà náà pé kí n sọ fún yín. Mo ní bó bá sọ, n ó kó jáde nílé.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni òróró yẹn. Mo ń rò ó pé bí ẹ bá gbọ́, ẹ ó ní àdúrà yín kò gbà. Mo rí yín lọ́kàn mi tí ẹ jókòó nílé àdúrà, tí ẹ kò lè la ẹnu kọrin. Ó sàn fún mi kí ẹ máa wo ewúrẹ́.

Ẹ ní ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi gun òkè. Òótọ́ ni. Ọkùnrin tó ń kọ́ mi bí n ó ṣe máa lo ọwọ́ náà ló gbé kámẹ́rà fún mi. Ó ní kí n máa fi àtàǹpàkò àti ìka kan yẹn mú un, ó ní ó máa le. Ní oṣù àkọ́kọ́, ó ń bọ́. Mo sunkún bí ọmọdé. Ewúrẹ́ tí mo rán sí yín ni àwòrán àkọ́kọ́ tí ọwọ́ yìí dá yà tí kò dàrú; àwọn tó ṣáájú rẹ̀, Waheed ló ń bá mi di kámẹ́rà mú. Gbogbo àwọn tí a jọ ń lọ, ọwọ́ wọn pé, wọn kò sì mọ bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí tó. Mo fẹ́ gun òkè yẹn kí n mọ̀ bóyá mo ṣì lè ṣe nǹkan tó ń ṣòro fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ pé. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ àpò náà.

Bí ẹ bá ní kí n má lọ, n kò ní lọ. Àwòrán ọwọ́ náà ló wà lẹ́yìn ìwé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Ọmọ yín,
Olúrótìmí


Ore
31 Oṣù Kẹjọ, 2025

Olúrótìmí ọmọ mi,

Mo yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Inú bí mi, kí n má purọ́ fún ọ. Inú bí mi sí ẹ̀rọ yẹn, inú bí mi sí ọ, mo sì bínú sí òróró. Mo gbé ìgò náà lọ bá Wòlíì Ọlọ́runnísọ̀lá, mo gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní kó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo sì ní kó má fi ẹnu wòlíì bá mi sọ̀rọ̀ o. Ó wo àwòrán ọwọ́ rẹ títí. Ó kàn jókòó tì mí títí mo fi sunkún tán, ó sì sìn mí délé. N kò tún ní sọ pé ó ń jẹun jù mọ́.

N kò tíì mọ ohun tí n ó sọ fún Ọlọ́run nípa àwọn ìka yẹn. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, n ó kọ ọ́ sí ọ. Ṣùgbọ́n má tún fi irú èyí pamọ́ fún mi láéláé. O rò pé o ń gbà mí lọ́wọ́ ìbànújẹ́, ìwọ kọ́ lo sì wà níbí nígbà tí mo ń sin ọ́ lójoojúmọ́ nínú ọkàn mi. Bá mi dọ̀bálẹ̀ fún Waheed. Sọ fún un pé ìyá Rótìmí ní kó má bínú sí òun, ọmọ òun ni Waheed náà láti òní lọ.

Mo ti rán àpò. Mo kọ́kọ́ rán an bí o ṣe ní kí n rán an, mo rọ ẹ̀wà sí i láti fi dán an wò. Mo wá ká ìka mẹ́ta mọ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, mo fi méjì yòókù gbé e. Ó bọ́. Mo tún gbé e, ó tún bọ́. Mo tú ojú rẹ̀, mo rán okùn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí àtàǹpàkò àti ìka kejì lè kọ́, mo fi òwú ìránṣọ ìlọ́po mẹ́rin rán an kó má bàa já. Mo tún gbé e, mo sì gbé e yí ká ilé, láti ìdí maṣíìnì dé ẹnu ọ̀nà àbájáde. Kò bọ́. Bándélé awakọ̀ ti gbé e lọ sí Èkó fún àbúrò Waheed. Rodiyat ní wọn kò ní jẹ́ kó gbé ẹ̀wà kọjá ní pápákọ̀ òfuurufú, nítorí náà òfìfo ni mo fi ránṣẹ́, kí o ra ẹ̀wà tìrẹ níbẹ̀. Èyí tí mo fi dán an wò, mo sè é, mo pe àwọn ọmọ àdúgbò, wọ́n jẹ ẹ́ tán lójú gbogbo ayé. Ohun tí à ń fi ẹ̀wà ṣe nìyẹn.

Lọ sórí òkè. Gbọ́ ti Àmúsà lórí atẹ́gùn, kí o sì má jẹ́ kí agogo já lára báàgì rẹ nítorí ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ méjì yẹn. Bí o bá débẹ̀, ní kí Waheed ya ọwọ́ ọ̀tún rẹ fún mi pẹ̀lú òkè lẹ́yìn rẹ̀, má ti í bọ àpò. N ó gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ewúrẹ́. Òsì tí o fi kí mi lọ́jọ́sí, mo ti fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ẹsẹ̀ mi ti ń san, nọ́ọ̀sì ń wẹ egbò rẹ̀ fún mi. Mo ti wọ bàtà. Èyí aláwọ̀ ojú ọ̀run tí o fi ránṣẹ́ nígbà tí o kọ́kọ́ gba owó oṣù ni. Ti ẹsẹ̀ ọ̀tún ń fún mi díẹ̀ níbi tí ẹ̀gún ti wọlé, ṣùgbọ́n mo wọ̀ ọ́ báyìí tí mo ń kọ̀wé sí ọ.

Èmi ìyá rẹ,
Olúbísí